Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ síta fún wa ní Agric: afárá, ìdènà, iná alẹ́, àti ọ̀pá tó bá kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó

Inú ìwé àkọsílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti yọ èyí. Wẹ́dà ni mí. Àdúgbò Agric ní Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lójú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ àti kòròpé ń gbà já sí títì tí bọ́ọ̀sì BRT ń gbà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 2024, kọngílá gbé katapílà wọlé, ó ní òun fẹ́ ṣe gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Inú wa dùn. Ó ti pẹ́ tá a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún gọ́tà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n pa katapílà, wọ́n lọ sílé. Wọn ò fi pákó lé e, wọn ò ta okùn, wọn ò fi àmì kankan sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́: fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, mi ò ṣe nǹkan kan. Oníbàárà mi ń fò ó, èmi náà ń fò ó. Ìyá Aláàkàrà ló ta mí jí. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ 11, omi kún gọ́tà dé ẹnu, ó tẹ́jú pẹ̀lú títì, àwọ̀ kan náà, ẹrẹ̀ pupa. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, màmá gbé abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ lérí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Abọ́ ẹ̀wà ló kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ojúgun wọn ló bó, èjìká sì wú. Nígbà tí mo lọ kí wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń jó irin látàárọ̀ dalẹ́, o ò rí irin kan gbé sórí kòtò yẹn?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú téèpù.

Ìpele 1: Wíwọ̀n

Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi méjì rin òpópónà náà já pẹ̀lú ìwé ọmọ iléèwé kan. Ohun tá a kọ sílẹ̀ rèé:

Ẹnu gọ́tà fẹ̀ ní fíìtì 4 àti íǹṣì 3, ó jìn ní fíìtì 5. Títì tó jẹ́ fíìtì 24 tẹ́lẹ̀ ti ku 15. Ilé jẹ́ 38, iléèwé jẹ́ 2, mọ́sáláṣí kan sì wà níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Ní ìsàlẹ̀, ibì kan wà tí gọ́tà ti dábùú títì kọjá sí òdìkejì, fíìtì 2 àti ààbọ̀ ni ìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan fẹ̀ ju fíìtì 4 lọ díẹ̀. Méjì lè pàdé nínú fíìtì 15 kí wọ́n sì kọjá lára wọn, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ tó bá wà láàárín wọn àti gọ́tà kò ní ibi tó máa sá sí. Mo fi pẹ́ńsù pupa fa ilà sábẹ́ ìyẹn.

Mo lọ bá fọ́ọ̀mánì wọn. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ̀gbọ́n, àmì wà nínú ìwé iṣẹ́, wọn ò tíì kó o dé ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ ṣe é, kò burú. Ṣùgbọ́n katapílà ò ní dúró dè yín o." Mo rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí n kọ ọ́.

Ẹgbẹ́ onílé pàdé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ₦20,000 wá. Ilé 31 ló san. Àwọn méje tó kù ní iṣẹ́ ìjọba ni, kí ìjọba ṣe é. Ọ̀rọ̀ wọn kò kúkú jẹ́ irọ́, àmọ́ orí afárá tí owó ẹlòmíì ṣe ni gbogbo wọn ń gbà jáde.

Ìpele 2: Afárá pákó, tí kò pé ọjọ́ kan

Ìkánjú ló fà á. Mo ra pákó méjì, fíìtì 12, ìbú íǹṣì 12, nínípọn íǹṣì 1, ₦7,500 ọ̀kan. Mo gé wọn sí fíìtì 6 mẹ́rin, mo to méjì pọ̀ síbi kan, mo kan igi dábùú ìsàlẹ̀ wọn, mo gbé e sórí gọ́tà.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì fara hàn. Pákó íǹṣì kan kò lè gbé èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan: ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Fíìtì 6 lórí ẹnu tó fẹ̀ ju fíìtì 4 lọ, kò ju íǹṣì 10 ààbọ̀ tó jókòó sórí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tútù yẹn sì ń wó wọ inú gọ́tà bí èèyàn bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta, mo to pákó ní gígùn, bí èèyàn ṣe ń rìn kọjá. Tí òjò bá ti pa á, ọbẹ̀ ilá ni. Bàtà kì í rí nǹkan dì mú.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọ̀kan là sí méjì lábẹ́ àgbò. Ẹ̀rín kọ́: ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni, Sọ́ńdè ọjọ́ 16 ni ọdún, gbogbo èèyàn ló ń fa àgbò wọlé. Àgbò alájì kan dé àárín pákó, ó rí omi nísàlẹ̀, ó dúró, ó wá fò. Ìgbà tí pákó máa dáhùn, méjì ló dáhùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló fi okùn fa àgbò yẹn jáde, ẹrẹ̀ ti sọ ọ́ di àgbò pupa.

Kọngílá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ ṣọdún nígbà yẹn o. Wọn ò padà títí di ọjọ́ 19. Ẹ fi sọ́kàn pé ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá wà nínú kòtò, ariwo wọn fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìkìlọ̀. Ìgbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ìpele 3: Afárá onírin

Mo jókòó, mo ṣírò ó dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Mo fẹ́ gígùn fíìtì 8, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sórí ilẹ̀ ní fíìtì kan àti íǹṣì 10 ó lé díẹ̀. Ìbú fíìtì 3, kí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n àti ẹni tó ru ẹrù lè yà fún ara wọn.

Irin áńgù oníǹṣì 2, èyí tó rí bí lẹ́tà L, ni mo lò; odindi rẹ̀ kan, tí a ń pè ní igi, jẹ́ fíìtì 18. Igi méjì ló ṣe afárá kan. Mo gé igi kìíní sí fíìtì 8 méjì, ó ku fíìtì 2. Mo gé igi kejì sí fíìtì 3 mẹ́fà gééré, èyí ni àwọn adábùú. Ẹ má ṣe ju fíìtì 2 tó ṣẹ́kù yẹn nù, mo máa dé ibẹ̀.

Mo to irin méjèèjì sílẹ̀ bí àkàbà, mo fi adábùú mẹ́fà sáàárín wọn. Ẹ má jó o pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi iná kán an pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo orígun, kẹ́ ẹ wọn ún láti igun dé igun lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ó gún nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ mi fi íǹṣì kan yàtọ̀, nítorí ọmọ iṣẹ́ mi jó ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó yí i padà, iná sì fa irin sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dísìkì la fi gé e tú.

Pákó wá lọ sókè ní dídábùú, a kò tò ó ní gígùn mọ́. Pákó fíìtì 12 méjì, a gé wọn sí fíìtì 3 mẹ́jọ. Pákó tí wọ́n ń pè ní oníǹṣì 12 ní sọ́ọ̀mílì kì í pé 12, ìwọ̀n mọ́kànlá ààbọ̀ ni mo máa ń bá, ìyẹn ló wá ṣe wá lóore: bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe tò sórí fíìtì 8, àlàfo bí ìdajì íǹṣì wà láàárín wọn, omi ń gbabẹ̀ jò sílẹ̀, bàtà sì ń rí etí pákó dì mú. Ìṣó kò tó o. A fi dírììlì lu ihò, a fi bólùtù mẹ́rin de pákó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, gíga fíìtì 3. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n àwọn alábàrù kò ní lè kọjá.

Kí n tó gbé e jáde, mo dán an wò. Mo ta òwú láti ìkangun dé ìkangun, mo gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin sórí rẹ̀, mo ní kí ọmọkùnrin márùn-ún gùn ún. Ó fi ìdámẹ́rin íǹṣì rẹlẹ̀. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó padà sípò. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

A fi àpò ìrẹsì tá a ti rọ iyanrìn sí jẹ ìrọ̀rí sábẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí etí gọ́tà. Sátidé, ọjọ́ 15, la gbé àkọ́kọ́ síwájú ilé Ìyá Aláàkàrà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á padà, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọjá, wọ́n padà, wọ́n tún kọjá. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn fún mi ní àkàrà ₦500 lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́ta yòókù parí láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú iléèwé méjèèjì, ọ̀kan síwájú mọ́sáláṣí.

Ìpele 4: Páálí irin, àti ọlọ́kadà tí mo gbé ṣubú

Ibi tí gọ́tà ti dábùú títì nìyí. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀. Kọngílá yá wa ní páálí irin méjì, fíìtì 8 sí fíìtì 4, nínípọn mìlímítà 10. Ẹyọ kan wúwo ju igba kílò lọ, katapílà wọn ló bá wa gbé e. A tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gígùn wọn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Etí wọn ti tẹ̀ láti ibi iṣẹ́ mìíràn, wọn kò fẹ́ pàdé, mo sì fi àlàfo bí íǹṣì 3 sáàárín wọn kí wọ́n má bàa máa lu ara wọn gbàgàgbàgà lóru. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ní ọjọ́ 21, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Ọlọ́kadà kan ń bọ̀ láti òkè pẹ̀lú èrò kan lẹ́yìn. Àárín ọ̀nà ni ọ̀kadà máa ń gbà, àárín ọ̀nà náà sì ni àlàfo mi wà. Táyà iwájú wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Ọ̀kadà dúró, àwọn méjèèjì kò dúró. Èrò bó lórúnkún, ọrùn ọwọ́ ọlọ́kadà yẹ̀. Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbọ́ ariwo irin kí n tó rí wọn.

Ẹ̀bi mi ni, mi ò wá ẹni tí mo máa dì í rù. Mo gbé wọn lọ tọ́jú, ₦18,000, àpò ara mi ló ti jáde, kò sí nínú ìṣirò ẹgbẹ́.

Lálẹ́, mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó wà ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Iṣẹ́ títì ni òun náà ń ṣe níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí WhatsApp. "Bọ̀ọ̀dá mi, ojú irin tíráámù lẹ ṣe yẹn o."

Ó ṣàlàyé. Ní Toronto, ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń gba àárín títì pẹ̀lú mọ́tò àti ẹlẹ́sẹ̀, oníná mànàmáná ni. Wọ́n rì irin rẹ̀ mọ́ ojú títì, irin méjì, mìlímítà 1,495 ló wà láàárín wọn, pẹ̀lú ihò tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kọ̀ọ̀kan fún etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ihò yẹn máa ń gbé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ṣubú níbẹ̀. Ẹni bá ń gùn ún lọ ní gígùn irin, táyà á wọlé. Nítorí náà, wọ́n máa ń kọ́ wọn pé kí wọ́n dábùú irin kọjá, kó sún mọ́ igun gígún bó bá ṣe lè ṣeé ṣe. Ó ní ọdún tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ tuntun jáde, 2014, lòun dé ibẹ̀: ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni àkọ́kọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Spadina, ó gùn tó mítà 30, inú rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé arúgbó kò ní gun àtẹ̀gùn kó tó wọ̀ ọ́. Àwọn àtijọ́ gbẹ̀yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2019. "Ọkọ̀ àtijọ́ lọ," ó ní, "ọkọ̀ tuntun dé, ihò ẹ̀gbẹ́ irin ṣì wà níbẹ̀."

(Èkó náà ní tíráámù rí. Láti 1902 sí 1933 ló fi ń rìn, èéfín ni tirẹ̀, láti Iddo gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù. Ti reluwé Blue Line tó ń kó èrò láàárín Mile 2 àti Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò bá mọ́tò du títì: wọ́n ya ọ̀nà rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí irin kẹta tó gbé iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń tẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti gba ibẹ̀ kọjá láé.)

Bí mo ṣe tún un ṣe: mo fi dísìkì gé etí tó tẹ̀ kúrò, a fi ọ̀pá irin gún páálí méjèèjì sún mọ́ra títí wọ́n fi fẹnu kora. Mo jó irin pẹlẹbẹ oníǹṣì 4 sórí ojú ìpàdé wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo jó ọ̀pá irin mìlímítà 10 dábùú gbogbo páálí, íǹṣì 4 síra wọn. Irin tó ń gbé ẹrù kọjá kòtò lè gùn bí ọ̀nà ṣe gùn, ṣùgbọ́n ojú tí táyà ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ dábùú. Àwọn ọ̀pá yẹn ló tún fòpin sí yíyọ̀, nítorí páálí tó jọ̀lọ̀ tí òjò pa kò yàtọ̀ sí ọṣẹ.

Fíìtì 2 tó ṣẹ́kù lára áńgù afárá kọ̀ọ̀kan wá wúlò. Mo gé wọn sí íǹṣì 6, mo jó mẹ́rin sábẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè kọ́ etí kòtò méjèèjì. Páálí tí kò ní ìkọ́ máa ń rìn. Bí táńkà omi bá tẹ bíréèkì lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ lọ wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé ó ti kúrò níbi tẹ́ ẹ gbé e sí.

Ìpele 5: Kẹ́ẹ̀gì, téèpù, iná

Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, méjìlá, ₦1,500 ọ̀kan. A rọ iyanrìn sí wọn, a tò wọ́n sí etí gọ́tà. Ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ló kù. Wọ́n tú iyanrìn sílẹ̀ fún wa dáadáa, ìyẹn ni wọ́n bá wa ṣe.

Ìgbà kejì, èyí tó ti jò ni mo lọ rà lọ́wọ́ àwọn alágbàáta, ₦500. Mo tún fi irin gbígbóná lu ihò sí i kí ojú olè lè tètè rí i. A kùn ún ní pupa àti funfun, a da kọnkéré sí ìdí rẹ̀, a ri ọ̀pá sáàárín. Kò sí èyí tí wọ́n jí títí a fi parí.

Téèpù tó máa ń dán tí iná ọkọ̀ bá kàn án (rìfílẹ́tọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Sábó) jẹ́ ₦9,500 róòlù kan. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá ní gíga fíìtì 4 ààbọ̀, ibi tí ojú mi máa ń wò. Ó dára lójú mi lọ́sàn-án. Lálẹ́, mo yá kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo gùn ún wá láti òkè fúnra mi. N kò rí téèpù kankan! Iná kẹ̀kẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni, ilẹ̀ ló sì ń wò. A sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sí fíìtì 2. Mo tún gun kẹ̀kẹ́, wọ́n tàn bí ojú ológbò.

Alẹ́ yẹn kan náà ni mo rí àṣìṣe mìíràn. Ìdí ihò gan-an ni àmì wa wà. Lórí títì tó tutù, lẹ́yìn tí mo rí i tí mo tẹ bíréèkì, ìṣísẹ̀ bí ogún ni mo tún lò kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. A gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, a sì to àwọn yòókù ní ẹ̀gẹ̀ kí wọ́n máa ti ọkọ̀ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀.

Iná sólà mẹ́jọ. Wọ́n jí méjì lórí ọ̀pá lọ́jọ́ kẹta. Mẹ́fà tó kù, a kàn wọ́n mọ́ ògiri ọgbà àwọn onílé, kí wọ́n kọjú sí gọ́tà, onílé kọ̀ọ̀kan sì ń ṣọ́ tirẹ̀.

Ìpele 6: Àsíá, ọ̀pá, àti ọmọ kẹta

Láti ọjọ́ 19 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sí bí ọkọ̀ méjì ṣe lè pàdé níbi kọ́rọ́ mọ́sáláṣí mọ́. A gba ọmọkùnrin méjì, ₦2,500 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo ṣe pátákó olójú méjì bí àbúrò mi ṣe júwe èyí tí wọ́n ń dì mú ní ọ̀dọ̀ tiwọn: ojú kan pupa, DÚRÓ, ojú kejì, RỌRA.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọn kò rí ara wọn nítorí kọ́rọ́ yẹn. A gbìyànjú fèrè, ọmọ iléèwé náà ní fèrè lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ dàrú. Mo wá rántí ohun tí àwọn oníreluwé máa ń ṣe lójú irin kan ṣoṣo: ẹni tí ọ̀pá bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé. Mo kun ọ̀pá kan ní pupa. Ẹni ìkẹyìn tó bá wọlé láti òkè á gbé ọ̀pá náà fún ọmọ ìsàlẹ̀, ìgbà yẹn ni ìsàlẹ̀ á tó lọ.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, oníkẹ̀kẹ́ kan gba ọ̀pá, ó jù ú sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, èrò ń bá a sọ̀rọ̀, ó gbàgbé, ó gbé ọ̀pá wa lọ sí Sábó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìhà méjèèjì fi dúró tí wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ tó wà lókè kọ̀, ó ní òun kò rí ọ̀pá, ẹnikẹ́ni kò ní kọjá. Wọ́n bú u dé ìran baba rẹ̀. Mo yìn ín. Ohun tí a ní kó ṣe ló ṣe.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: a gba ọmọ kẹta, a fi í sí kọ́rọ́ mọ́sáláṣí níbi tó ti lè rí àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ló ń nà sí wọn. A dá ọ̀pá dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ó wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìpele 7: Gbígbé e kiri

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe irú èyí dúró níbí díẹ̀. "Katapílà ò ní dúró dè yín." Ojoojúmọ́ ni kòtò ń rìn. Wọ́n á da kọnkéré sí ibi kan, wọ́n á bo ó, wọ́n á ṣí ibòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kẹ́ẹ̀gì wa mẹ́rin ṣì wà níwájú iléèwé níbi tí gọ́tà ti di bíbò láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kọ́ láti máa gba àárín wọn kọjá, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan lára wọn tún gba àárín kẹ́ẹ̀gì kọjá, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni, èyí tí ihò wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Táyà ẹ̀yìn kan gbé sórí afẹ́fẹ́. Kò sí èrò nínú rẹ̀, a dúpẹ́. Nígbà tí mo bá a jà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé irọ́ ni kẹ́ẹ̀gì yẹn."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aago mẹ́fà, èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan máa ń rìn ín já. Ibi tí kòtò kò bá sí mọ́, a gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibi tí wọ́n bá ṣí, a gbé e síbẹ̀. Nínú ìwé: ọjọ́, ibi, iye kẹ́ẹ̀gì, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mi ò lọ, ọjọ́ tí ìyàwó mi bímọ.

Owó

Áńgù igi 8: ₦168,000. Pákó afárá: ₦60,000. Pákó tí mo fi ṣòfò ní Ìpele 2: ₦15,000. Ọ̀pá ìdìmú: ₦56,000. Bólùtù 128: ₦19,200. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀dù páàkì 3: ₦21,000. Epo jẹnẹrétọ̀ lítà 30: ₦21,000. Ọ̀dà: ₦26,000. Òfìfo àpò 60: ₦9,000. Téèpù róòlù 2: ₦19,000. Kẹ́ẹ̀gì ìgbà méjèèjì: ₦24,000. Sìmẹ́ńtì àpò 4: ₦32,000. Iná sólà: ₦68,000. Irin pẹlẹbẹ àti ọ̀pá fún páálí: ₦24,000. Àwọn ọmọ alásíá, ọjọ́ 5 fún àwọn méjì àti ọjọ́ 25 fún àwọn mẹ́ta, títí iṣẹ́ fi parí ní ọjọ́ 30 oṣù keje: ₦212,500.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦774,700. Ilé 31 mú ₦620,000 wá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá ₦60,000. Ó ku ₦94,700 tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́ fún mi, a ò sì ka owó iṣẹ́ mi mọ́ ọn. Ẹ wò ó dáadáa, owó àwọn ọmọ yẹn ju owó áńgù lọ. Èmi tí mo jẹ́ wẹ́dà, irin nìkan ni mo kọ́kọ́ fi sí ìṣirò tí mo gbé síwájú ẹgbẹ́. Ẹ kọ owó èèyàn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí

Gọ́tà ti parí, a dá páálí padà fún kọngílá pẹ̀lú ìkọ́ tí mo jó sí i, fọ́ọ̀mánì ní òun kò ní gé e kúrò. Afárá méjì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Méjì tó kù, òpópónà kejì sí wa ló yá wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé katapílà wọlé tiwọn. Alága wọn pè mí lánàá kí n wá wò ó. Mo lọ wọ̀n ọ́n: ẹnu gọ́tà tiwọn jẹ́ fíìtì 6 àti íǹṣì 2. Afárá fíìtì 8 kò ní rí tó fíìtì kan jókòó lé lórí ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí kòtò lálẹ́ náà, kí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì síbẹ̀ ná. Láàárọ̀ òní, mo gé áńgù fíìtì 10 méjì, wọ́n wà lórí tábìlì, ọmọ iṣẹ́ mi ń wọn igun sí igun.